Ọ̀pá Ìko tí Bàrákàt Fọwọ́ Sí

Iṣẹ́ tí Bàrákàt ń ṣe jẹun ni pé kí ó máa fi iná mànàmáná fìyà jẹ nǹkan títí nǹkan náà yóò fi kú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi wà nínú yàrá ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan nílùú Ọ̀fà, yàrá olójú fèrèsé mẹ́ta tí ó kọjú sí ìdí máńgòrò. Níbẹ̀ ni ó ti ń to pákó, rọ́bà, gíláàsì àti àwo amọ̀ sáàárín àwo idẹ méjì, tí ó sì ń tú iná sí wọn lára díẹ̀díẹ̀. Nǹkan náà a kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Nígbà tí iná bá sì ti ju ohun tí ó lè mú mọ́ra lọ, a bú gbàù, ihò dúdú kan a là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n yìnbọn fún un. Bàrákàt a kọ òǹkà tí ẹ̀rọ fi hàn sílẹ̀, a gbá òkú náà sínú agbọ̀n, a sì mú òmíràn.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé obìnrin yìí kò mọ ohun tí iná lè ṣe. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí iná pa bàbá rẹ̀. Ràjí ni orúkọ bàbá náà, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ iná àtijọ́, àwọn tí ń wọ ṣòkòtò kakí tí wọ́n lọ̀ títí ojú rẹ̀ fi mú bí abẹ, tí ọkọ̀ akẹ́rù iléeṣẹ́ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú àkàbà wọn, ọ̀pá wọn, àti ìbọ̀wọ́ wọn nínú àpótí. Ẹnì kan ló dá iná padà kí Ràjí tó sọ̀kalẹ̀. Wáyà dì í mú lórí òpó fún odindi wákàtí kan, èéfín ń rú ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì dúró wò ó. Bàrákàt wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Ìdrís, ọmọ ọdún kan, wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó pọ̀n ọ́n.

Ìdrís yìí kan náà ló dàgbà tán tí ó lọ gba iṣẹ́ iná. Lọ́jọ́ tí ó mú ìwé iṣẹ́ wálé, Bàrákàt gbá a létí. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ìdrís kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

"Àǹtí mi, ẹ lù mí tẹ́rùn. Ọ̀la ni mo ń bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Bàrákàt kò ti sùn dáadáa nígbà òjò.

Ìdí nìyí tí ó fi gba ọ̀rọ̀ Dókítà Ọláńrewájú tọwọ́tẹsẹ̀. Olùkọ́ ni Dókítà yìí, Èkìtì ló ti wá, ẹni tí ó fẹ́ràn ìṣirò ju oúnjẹ lọ. Òṣìṣẹ́ iná a máa fi ọ̀pá gígùn yọ fíúùsì lórí òpó kí ọwọ́ rẹ̀ má baà súnmọ́ wáyà. Èyí tí wọ́n ń ṣe lókè òkun kò dé Ọ̀fà mọ́. Igi lásán ni Ìdrís àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò. Dókítà ní kí àwọn to ìko, okùn tí wọ́n ń bó lára imọ̀ ọ̀pẹ ògùrọ̀, ní gbọọrọ nínú páìpù, kí àwọn da résìn lé e lórí, oje olóòórùn líle tí àwọn tí ń ṣe táǹkì omi ń lò, èyí tí í dì bí òkúta. Ìko kò ní jẹ́ kí ọ̀pá ṣẹ́. Résìn kò ní jẹ́ kí iná kọjá.

Dókítà kì í wọn nǹkan kí ó tó ṣírò rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ní òǹkà tí ó ń sọ iye iná tí ó lè kó mọ́ra bí a bá fi wé afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Résìn jẹ́ mẹ́ta àti díẹ̀. Ìko gbígbẹ kò jìnnà sí márùn-ún. Omi ni ọ̀tá: omi tó ọgọ́rin. Ọ̀pá tí òǹkà rẹ̀ bá fò sókè ti gba omi mu, ọ̀nà ti là fún iná nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ òǹkà ìko àti ti résìn, tí ó sì mọ ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó nínú àdàlù náà, lè jókòó sídìí tábìlì kí ó sọ òǹkà ọ̀pá kí wọ́n tó ṣe é rárá. Dókítà sọ tirẹ̀: mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Oṣù ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni Bàrákàt wọ̀n ọ́n. Ọyẹ́ ń mú, ètè gbogbo ènìyàn ti bẹ́, igi tábìlì pàápàá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó gé pẹlẹbẹ kan lára ọ̀pá, ó fi résìn kun etí rẹ̀ yípo, ó fi í sáàárín àwo idẹ. Mẹ́rin àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá.

Dókítà fò sókè. "Àlàájà! Ẹ wò ó! Ìdá kan péré ló fi jù ú! Ta ló tún ń ṣe irú ìṣirò yìí ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara?"

Bàrákàt kò fò. "Dókítà, ìbú la wọ̀n. Iná kò ní gba ìbú dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, òòró ni yóò gbà. A ò sì tíì rẹ ẹ́ sómi."

"Résìn sé e látòkè délẹ̀, Àlàájà. Ibo lomi ó gbà wọlé? Ẹ tún wo ìta, inú ọyẹ́ la wà yìí. Ẹ̀yin náà ẹ ti fẹ́ràn òfin jù."

Láti ọdún tí Bàrákàt ti dé inú yàrá náà, kò fọwọ́ sí ohun tí kò rẹ sómi rí. Ṣùgbọ́n igi lásán wà lọ́wọ́ Ìdrís, ó sì fẹ́ kí ọ̀pá tuntun dé ọwọ́ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Ọ̀pá méjìlá, ẹsẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, ni wọ́n kó fún Abdulganiyu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ iná. Ìdrís gba tirẹ̀, ó sì ń fi han ènìyàn káàkiri pé ẹ̀gbọ́n òun ló wọ̀n ọ́n.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ lọ́dún náà rọ̀ ní àárín oṣù igbe. Fíúùsì kan já ní Ìjàgbó, Kamaldeen, bàbá ọmọ mẹ́rin, gun àkàbà, ó na ọ̀pá sókè. Àwọn tí ó wà nítòsí ní àwọn gbọ́ ìró bí ìgbà tí òòlù bá ba páànù. Iná búlúù bọ́ sí orí ọ̀pá, ó gba inú rẹ̀ sáré dé ọwọ́, ó gba ẹsẹ̀ jáde, bàtà rọ́bà rẹ̀ sì bẹ́ bí ẹyin tí wọ́n jù sínú iná. Kò ké. Orí ni ó fi sọlẹ̀. Ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ọ̀bẹ ni wọ́n fi yà wọ́n kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú.

Ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ iná mẹ́fà fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí. Abdulganiyu, ẹni tí ọrùn rẹ̀ kì bí ti akọ màlúù, ju ọ̀pá tí ó jóná sórí tábìlì. Ojú gíláàsì ẹ̀rọ kan fọ́ yángá.

"Ọ̀pá yín rèé! Ẹ wọ̀n ọ́n! Bẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ lọ wọn sàréè Kamaldeen!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," Dókítà bẹ̀rẹ̀.

"Ará Èkìtì, àlàyé kí la fẹ́ fi ṣe?" Ọ̀kan nínú wọn fi orí kàn án nímú. Ẹ̀jẹ̀ dà sára ẹ̀wù rẹ̀ funfun. "Ọ̀fà lo wà níbí o! Ìjàkadì lorò wa!" Wọ́n gbé e lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ mọ́ ògiri, gbogbo ìgò orí pẹpẹ sì tẹ̀lé e wálẹ̀. Ẹlòmíràn na ọwọ́, ó gbá Bàrákàt létí tó bẹ́ẹ̀ tí ìborùn rẹ̀ fò sábẹ́ tábìlì. Kí ọwọ́ náà tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, Ìdrís ti sáré wọlé láti ìta, ó ti ẹ̀yìn di ọkùnrin náà lọ́rùn mú, ó sì fi ojú rẹ̀ lu etí tábìlì.

"Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan Àǹtí mi, màá sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kamaldeen!"

"Àǹtí ẹ ló pa á!"

"Irọ́ ńlá! Kamaldeen ti máa ń kánjú jù. Ọ̀pá tí Àǹtí mi fọwọ́ sí kọ́ ni mo ń lò? Ṣé mo kú ni?" Ó nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. "Mo ń lọ síbi iṣẹ́ mi. Òun náà ni mo máa lò lónìí. Ẹ wá wò mí!"

Ó gbé ọ̀pá tirẹ̀ tí ó fi ti ara ògiri lóde, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omi kún ojú Bàrákàt, etí rẹ̀ ń hó, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀pá orí tábìlì ni ó ń wò. Ìdí náà kò dán. Ojú ayùn wà níbẹ̀ gbangba, ẹnu ìko sì ṣí sílẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò wínníwínní tí kò sí résìn kankan lórí wọn.

"Ta ló gé ọ̀pá yìí?"

Ó yí ìdí ọ̀pá náà sí wọn.

"Abdulganiyu, mo ní ta ló gé e?"

"Gbogbo wa la gé e, Àlàájà." Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. "Ṣé ọkọ̀ ló ń gbé wa lọ síṣẹ́ ni? Ọ̀kadà ni. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ lórí ọ̀kadà! Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ gbé e gba Ìlemọ̀nà, díẹ̀ ló kù kó yọ ìyá elẹ́fọ̀ọ́ kan lójú. A bá fi ayùn gé ẹsẹ̀ mẹ́ta kúrò."

"Àtèyí tó wà lọ́wọ́ Ìdrís?"

"Òun gan-an ló ra ayùn."

Ní ayé Ràjí, kò sí òṣìṣẹ́ iná tí yóò fi ayùn kan irinṣẹ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀gá tí yóò ní kí ó gbé àkàbà àti ọ̀pá sórí alùpùpù. Ọkọ̀ akẹ́rù náà ti lọ. Ẹni tí ó ṣírò, àti ẹni tí ó wọ̀n, kò sì rántí bi ara wọn léèrè ohun tí yóò gbé ọ̀pá lọ síbi iṣẹ́.

Bàrákàt mú fóònù, ó pe Ìdrís. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà ni ó gé ègé méjì tí kò jóná lára ọ̀pá Kamaldeen, ó fi ẹnu ìko sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó jù wọ́n sínú korobá omi.

"Àlàájà, kí lẹ tún ń rẹ?" Abdulganiyu bi í. "Ẹ ò ṣe kàn sọ fún wa pé ó burú?"

"Nígbà tí mo sọ fún yín pé ó dára, n kò rẹ ẹ́. N kò ní sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìrẹ ẹ́. Ẹ pe àwọn yòókù kí wọ́n kó ọ̀pá wọn wá. Kí ẹnì kan lọ wá Ìdrís rí."

Wọ́n jókòó sáàárín ìgò fífọ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà, òwú nínú ihò imú méjèèjì, tún ìṣirò rẹ̀ ṣe; ó fi omi kún un lọ́tẹ̀ yìí, ó sì to ìko ní òòró. Mẹ́rìndínlógún ni ó rí. Ní aago méjì ọ̀sán, Bàrákàt yọ ègé kan nínú omi, ó nu ara rẹ̀ gbẹ dáadáa, ó wọ̀n ọ́n. Mọ́kàndínlógún. Dókítà gbé orí rẹ̀ sórí tábìlì, kò sì gbé e sókè mọ́.

Ègé kejì ni Bàrákàt so mọ́ ẹ̀rọ ńlá, orí dé ìdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú iná sí i. Kò tíì dé ìdajì ìdajì ohun tí ó wà lórí wáyà Ìjàgbó nígbà tí ègé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Èéfín omi gbígbóná tú jáde lẹ́nu ìko, ó là sí méjì pẹ̀lú ìró ìbọn, apá kan sì gba ẹ̀gbẹ́ orí Abdulganiyu kọjá, ó wọ inú àjà.

Abdulganiyu dìde. Ó jáde lọ síta, níbi tí àwọn yòókù ti ń kó ọ̀pá wọn dé, ó gba àáké lọ́wọ́ ọlọ́gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn. Ó ń gé, ó ń sunkún, ó ń bú. Ọ̀pá mẹ́wàá ni ó gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nígbà tí ó nàró, òjò ti ṣú dúdú lójú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, ẹni tí wọ́n rán sì ti padà dé.

"Mo rí i. Ojú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé ló wà. Ó ní bí kì í bá ṣe lẹ́nu Àǹtí òun ni òun ti gbọ́ ọ, òun ò ní gbà."

Bàrákàt kò dúró mú ìborùn tí Abdulganiyu fi gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Bí ogójì ọkùnrin ló yí òpó tiransifọ́mà ká. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti wà lókùnkùn. Ẹja ti rà nínú fíríìjì, ẹ̀rọ ìlọta ti dákẹ́. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà Ìdrís, àdá sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Ẹ̀wù rẹ̀, tí fóònù wà lápò rẹ̀, ló gbé kọ́ sọ́wọ́ ọ̀kadà náà.

"Bó ò bá tan iná yìí, orí àkàbà yẹn lo máa sùn!"

"Gbé e sókè jàre! Àbí ọ̀pá wúwo ju ẹ lọ?"

Ìdrís wà lókè àkàbà, ọ̀pá ẹsẹ̀ márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ṣàn lára méjèèjì.

"Ìdrís! Sọ ọ̀pá yẹn sílẹ̀!"

Ó bojú wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ lọ sílé, òjò ń pa yín."

"A ti wọ̀n ọ́n! Omi wà nínú rẹ̀! Yóò pa ọ́!"

"Gbogbo Ọ̀fà ló ń bú yín. Èmi nìkan ló kù tó gbà yín gbọ́. Ẹ jẹ́ n fi hàn wọ́n."

"Má gbà mí gbọ́ mọ́! Ohun tí n kò mọ̀ ni mo fọwọ́ sí! Ìdrís, mo bẹ̀ ọ́!"

"Ẹ̀rù ló kàn ń bà yín," ó ní, ó sì kọ ojú sí fíúùsì.

Ọkùnrin kan ti Bàrákàt láyà. "Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀! Ṣé ẹ̀yin lẹ ó tan iná fún wa?"

Orí ọ̀pá kò ju apá kan lọ sí fíúùsì. Bàrákàt kò pariwo mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà mú bí ẹni di ẹsẹ̀ alátakò nínú ìjàkadì, ó sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Ìdrís ké. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lu etí kọnkéré ìdí òpó, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ìró egungun itan rẹ̀ bí ó ti dá. Kí ó tó kúrò lórí àkàbà, ìwọ̀ irin orí ọ̀pá ti kọ́ fíúùsì. Ọ̀pá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọ̀ síbẹ̀, ìdí rẹ̀ sì fara ti irin òpó.

Wọ́n ya bo Bàrákàt. "Ó ti pa á! Ó ti pa oníná!" Ẹ̀ṣẹ́, bàtà, pákó. Eyín rẹ̀ méjì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan fi pẹlẹbẹ àdá lù ú léjìká. Abdulganiyu sùn lé e lórí, wọ́n sì ń lu òun náà.

Nígbà náà ni ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lókè.

Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dúró. Èéfín omi ń jáde ní ìdí ọ̀pá bí ẹnu kẹ́tùrù. Ìlà búlúù kan gba inú rẹ̀ gun òkè, ó tún sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá náà sì bú gbàù. Ìko tí ń jó rọ̀ lé wọn lórí pẹ̀lú òjò. Ọkùnrin tí ó mú àdá gbá iná kúrò ní irun orí rẹ̀, ó wo àdá ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Kò sí ariwo mìíràn níbẹ̀ bí kò ṣe ti Ìdrís, ẹni tí ń ké nínú ẹrẹ̀, tí ojú rẹ̀ wà lókè níbi tí ọ̀pá ti wà.

Bàrákàt kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí ó wú: òun ló wọ̀n ọ́n ní ìbú, òun ni kò rẹ ẹ́, òun ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Ó lọ kí Alhaja Sherifat, ìyá Kamaldeen, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, Bàrákàt kò sì bínú. Ìdrís lo oṣù mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi òkúta fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàrákàt ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́. Ìdrís ń jẹ ẹ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ Ìdrís kan kúrú ju èkejì lọ títí di òní. Kò lè gun àkàbà mọ́. Ibi ìkó-irinṣẹ́ ni wọ́n fi í sí, òun ló sì ń gba gbogbo irinṣẹ́ tuntun wọlé kí ó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Ní ọdún kejì, Bàrákàt àti Dókítà parí ọ̀pá mìíràn, ẹsẹ̀ márùn-ún géérégé, èyí tí wọ́n jẹ́ kí résìn rin wọ inú ìko dáadáa kí ó tó dì; wọ́n ti rẹ ẹ́, wọ́n ti gé e, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n ní òòró àti ní ìbú. Bàrákàt fúnra rẹ̀ gbé àkọ́kọ́ lọ bá Ìdrís níbi ìkó-irinṣẹ́, pẹ̀lú ìwé tí ó fọwọ́ sí.

Ìdrís kò wo ìwé náà. Ó gba ọ̀pá, ó fi í lé orí tábìlì, ó mú ayùn, ó sì gé e sí méjì lójú rẹ̀. Ó tiro lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù omi, ó ju méjèèjì sínú rẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́la, Àǹtí mi."

"Mi ò níbi tí mò ń lọ," Bàrákàt ní, ó sì fa àpótí kan, ó jókòó.